Níbo Ni Adùn Bàbá Dúdú Ti Ń Wá?

Ẹni tó bá ra bàbá dúdú ní Ọjà Ọba l'Òṣogbo tàbí ní ọjà Atakúnmọ́sà n'Iléṣà á ní ìpápánu ìbílẹ̀ lòun rà. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó sè é nìkan ló jẹ́ ti ìbílẹ̀. Etí òkun ni àgbọn tí wọ́n fi ń sè é ti ń wá, pàápàá láti Àgbádárìgì. Ti ṣúgà inú rẹ̀ tún jìnnà jùyẹn lọ: Brazil ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù wọ Nàìjíríà láìtíì fọ̀ ọ́, kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá l'Ékòó tó sọ ọ́ di funfun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí dọ́là bá ti gbówó lórí, bàbá dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í rù nínú ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀, ìrìnàjò ṣúgà yìí kò pọn dandan.

Àwọn kan á ní ṣebí adùn kún inú igbó wa. Ó kún un lóòótọ́. Ewé eéran tí à ń fi wé mọ́ínmọ́ín máa ń so èso pupa kan mọ́lẹ̀ nídìí. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thaumatin fi ìlọ́po 2,000, ó kéré tán, dùn ju ṣúgà lọ. Iléeṣẹ́ Tate & Lyle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ọjà. Ṣùgbọ́n adùn nìkan kọ́ ni ẹni tó ń se bàbá dúdú ń wá lára ṣúgà. Ẹ wo inú ìkòkò rẹ̀: omi tí wọ́n fún lára àgbọn àti ṣúgà á jọ máa hó títí omi á fi gbẹ, ṣúgà á jó díẹ̀, á dúdú, á sì ki débi pé wọ́n lè yí i róbótó nígbà tó ṣì gbóná. Ṣúgà ló fún un ní ara, òun náà ló fún un ní àwọ̀. Èso eéran kò lè ṣe èyí. Oyin ní tirẹ̀ máa ń fa omi, kì í jẹ́ kó gan, owó rẹ̀ sì ga ju ti ṣúgà lọ.

Àwọn mìíràn á ní kí a gbájú mọ́ àádùn. Àgbàdo yíyan tí a lọ̀, epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ ni, oko Ìjẹ̀ṣà sì tó o pèsè. Àmọ́ ọmọ tó ń sunkún bàbá dúdú kò ní gba àádùn dípò rẹ̀. Ìrèké ló kù. Wọ́n á ní ṣúgà ṣíṣe ju agbára wa lọ, ṣebí iléeṣẹ́ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní Bacita, ìpínlẹ̀ Kwara, ní àwọn ọdún 1960, kò dúró. Ṣúgà funfun ni Bacita ń ṣe, ìyẹn ló fi gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ àti ẹ̀rọ ńlá. Ní Makarfi, ìpínlẹ̀ Kaduna, ẹ̀rọ kékeré ni wọ́n fi ń fún ìrèké; wọ́n á se omi rẹ̀ nínú agbada títí yóò fi dì, wọ́n á sì pè é ní mazarkwaila. Ó pọ́n, ó sì ń ṣókùnkùn. Kí la wá ń fọ ṣúgà funfun sí, nígbà tó jẹ́ pé dúdú la fẹ́ kó dà nínú ìkòkò? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá odò wa, níbi tí ìrèké ti ń hù, á ran àwọn tó ń se bàbá dúdú lọ́wọ́ ju ẹ̀bẹ̀ lórí owó ṣúgà lọ. Àgbọn á ṣì máa ti Àgbádárìgì wá, ṣùgbọ́n náírà la fi ń rà á.