Àwọn Ọmọbìnrin Tamale Tó Ń Lọ Ru Ẹrù ní Accra

Ní ibùdókọ̀ ìlú Tamale, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, kò ṣòro láti rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Kumasi àti Accra. Lára àwọn tó máa ń wọ̀ ọ́ ni àwọn ọmọbìnrin ọdún 14, 15 tàbí 16, tí ẹrù wọn ò ju báàgì kékeré kan lọ. Ìrìn àjò dé Accra ju 600 kìlómítà lọ. Iṣẹ́ tó sì ń dúró dè wọ́n lọ́hùn-ún ni iṣẹ́ alábàárù. Kayayoo ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Gánà. Tí wọ́n bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọ́n di kayayei. Èdè méjì ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ náà: “kaya” ni ẹrù lédè Hausa, “yoo” sì ni obìnrin lédè Ga.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló mọ Tamale dáadáa. Kó tó di ọjọ́ 18 oṣù November, ọdún 1969, tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà pọ̀ gan-an lọ́jà ìlú náà. Bóyá ìyá àgbà kan ṣì wà nílé yín tó lè kí èèyàn lédè Dagbani. Iṣẹ́ alábàárù náà kì í ṣe tuntun sáwọn tó ń ná ọjà Bódìjà tàbí Oyíngbo. Àmọ́ ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń tibí yìí lọ ò tíì pé ogún ọdún, ó sì máa ń yá àwọn èèyàn lára láti sọ pé olórí kunkun ni wọ́n. Tèèyàn bá fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn, ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀.

Kí Ló Ń Gbé Wọn Kúrò Nílé?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òjò máa ń rọ̀ lọ́dún lágbègbè Tamale, láti nǹkan bí oṣù May sí October. Tí wọ́n bá ti kórè àgbàdo, ẹ̀pà àti iṣu tán, oṣù mélòó kan á kọjá tí oko ò ní mówó wọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi nìkan. Láàárín àwọn Dagomba, wọ́n máa ń retí pé kí ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ kó ìkòkò, abọ́ àti aṣọ dání. Bí ọmọbìnrin bá ń dàgbà, ó ń wo bí ẹrù àwọn ojúgbà rẹ̀ ṣe ń ga sí i ní yàrá ìyá wọn. Àwọn kan Accra dé, wọ́n kó abọ́ tuntun bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó lọ. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má lọ.

Ohun míì tún wà. Ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó jẹ́ obìnrin gba ọmọbìnrin tọ́. Àṣà tó dáa ni, torí ó ń so mọ̀lẹ́bí pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti dàgbà, ta ló máa ra yúnífọ́ọ̀mù? Bàbá tó wà lábúlé rò pé ìyá tó gba ọmọ tọ́ á gbọ́ bùkátà yẹn. Ìyá náà rò pé bàbá á fowó ránṣẹ́. Ọmọ wà láàárín, ó ń gbọ́ ohun tí tọ̀tún tòsì ń sọ. Nígbà tó bá yá, ó máa ń ronú pé ohun tó dáa jù ni kóun wá owó náà fúnra òun.

Ọ̀rọ̀ iléèwé tún wà níbẹ̀. Láti September 2017 ni ìjọba Gánà ti sọ girama àgbà di ọ̀fẹ́, ìrànlọ́wọ́ ńlá sì ni. Àmọ́ ọmọ tó máa gbé inú ọgbà iléèwé ṣì nílò àpótí onírin, mátíráàsì, àpótí onígi tó máa kó gàrí, ṣúgà àti sàdín sí. Tí wọ́n bá ti ṣe BECE, ìyẹn ìdánwò àṣekágbá girama kékeré, oṣù mélòó kan ni wọ́n máa fi dúró kí wọ́n tó wọlé. Àsìkò yẹn gan-an ló léwu. Ọmọ á ní òun kàn fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀, kóun lè rówó ra àpótí. Àwọn kan dé kí iléèwé tó wọlé. Àwọn míì ò dé. Ti àwọn tí kò lọ iléèwé mọ́ náà ò yàtọ̀ púpọ̀: maṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n ń wá owó rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ télọ̀.

(Àwọn ọmọkùnrin náà ní tiwọn o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kadà àti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ló ń fà wọ́n, ìyẹn náà tó kókó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.)

Bí Nǹkan Ṣe Ń Rí ní Accra

Abọ́ ńlá kan lórí ni irinṣẹ́ wọn. Tòmátì, iṣu, ìdì aṣọ òkíríkà, ohunkóhun tí ẹni tó rajà bá dì fún wọn ni wọ́n máa rù la àárín ọkọ̀ àti èrò kọjá. Ọmọ tí kò gbọ́ Twi tàbí Ga ò lè dúnàádúrà dáadáa. Iye tí wọ́n bá fún un ló máa gbà. Títí di ọdún 2017 tí ìjọba ní kí wọ́n fòpin sí i, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tún máa ń gba owó ọjà lọ́wọ́ wọn.

Lálẹ́, àwọn kan ń sùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn míì ń dá owó háyà ilé pákó, wọ́n á sì fún mọ́ra wọn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni òjò ti ń pa wọ́n, ibẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin ti ń fi oúnjẹ tàbí ibùsùn tan wọ́n, tàbí kí wọ́n tiẹ̀ fipá mú wọn. Kò yẹ kí òbí rọra fò ó. Owó tí wọ́n bá rí, ọ̀dọ̀ alájọ ni ọ̀pọ̀ ń kó o sí. Susu làwọn ará Gánà ń pè é, bí Yorùbá ṣe ń pè é ní èésú. Nígbà tí ìjọba ti Accra àti Kumasi pa ní March 30, 2020 torí àrùn Kòrónà, ọjà dá páro, owó oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ yìí sì dá lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí ọ̀nà ilé ti dí.

Ohun Tí Òbí Lè Ṣe

Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń tijú láti sọ fún ọmọ pé, “Mi ò lówó báyìí.” Wọ́n á dákẹ́, tàbí kí wọ́n jágbe. Ọmọ á wá rò pé ọ̀rọ̀ òun ò kan ẹnikẹ́ni. Ó sàn kí ẹ pe ọmọ jókòó nígbà tó bá ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní girama kékeré, kí ẹ jọ ka ohun tó máa nílò: èló ni àpótí, èló ni mátíráàsì, kí lẹ lè rà lọ́dún yìí, kí ló kù di èyí tó ń bọ̀? Kí bàbá àti ìyá tó gba ọmọ tọ́ sì jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa ra kí ni, lójú ọmọ náà. Àwọn ìdílé kan máa ń fún ọmọbìnrin ní ẹsẹ̀ oko díẹ̀ kó fi gbin ẹ̀pà, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó ta lára èso tí wọ́n ń ṣà fi ṣe òrí, kó sì mọ̀ pé tòun ni owó rẹ̀. Owó náà kì í pọ̀, àmọ́ ọmọ mọ ibi tó ń lọ.

Bó bá wá lọ ńkọ́? Kí ẹ mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì máa pè é kódà tí inú ń bí yín. Ọmọ tó bá ń retí èébú kì í tètè gbé fóònù.

Àwọn kan á padà dé toyúntoyún tàbí tọmọtọmọ. Ìlànà iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Gánà fàyè gba ọmọbìnrin tó ti bímọ láti padà síléèwé, torí náà òbí lè lọ rí ọ̀gá iléèwé láìbẹ̀rù pé wọ́n máa lé òun. Ohun tó máa ń le jù ni ẹni tó máa bá a di ọmọ mú láàárọ̀. Nílé púpọ̀ ní Tamale, ìyá tó gbà á tọ́ náà ló tún máa ń na ọwọ́ gba ọmọ ọwọ́ yẹn.