Bí a ṣe ń tọ́jú ewé tábà gbígbẹ kó má bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tábà la gbé dé lónìí. Nǹkan méjì ló ń bà á jẹ́ nínú ilé: ọ̀rinrin àti kòkòrò.

Ní Jonquet níbí, òkun ò jìnnà, ọ̀sà ò jìnnà. Tábà tó gbẹ dáadáa lóko, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, á tún fa omi mu. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ ṣẹ́ egungun àárín ewé wò. Tó bá kán, ó ti gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ bí okùn, ẹ tún un fi kọ́ síbi atẹ́gùn. Àmọ́ kí ewé fúnra ẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kó má rún dànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi ìrèké sísè pa tábà Bàhíà tí wọ́n ń kó wá sí Ouidah láyé òwò ẹrú.

Ẹ fi bébà wé e, ẹ kó o sínú garawa tó ní ìdérí, ẹ gbé e sórí pákó. Lásìkò òjò, ẹ máa ṣí i wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀fun, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò kíá. Èyí tí funfun bá hù lára ẹ̀, ẹ má tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da oògùn kòkòrò sí i o! Ẹnu àti imú èèyàn ló ń lọ. Tábà fúnra ẹ̀ sì léwu: ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sí yàrá tọ́mọ ń sùn.