Wọ́n Yọ Ilé Ọmọ: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Kò Ṣeé Fi Ṣeré

Yálà ìju ló fà á ni o, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ò dá, tàbí jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ ńlá ni yíyọ ilé ọmọ. Tó bá jẹ́ pé ikùn ni wọ́n là, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ara tó padà sípò. Tí wọ́n bá gba ojú ara, tàbí ihò kéékèèké lára ikùn, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú egbò á ti jiná lóde, inú ò tíì jiná. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin á ti máa rìn dáadáa, àwọn ará ilé á rò pé ó ti parí, wọ́n á ní kó wá gúnyán. Ẹ jọ̀ọ́, odó, kẹ́ẹ̀gì omi, ẹrù ọjà àti ọmọ pípọ̀n, ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ 6, kí dókítà sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbálòpọ̀. Ọkọ tó bá ní òun ò lè dúró, ẹ mú un lọ bá dókítà kó fetí ara ẹ̀ gbọ́.

Ìsinmi ò ní kéèyàn máa sùn sójú kan o. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì á ti ní kó dìde rìn díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá. Ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa èèyàn lójijì. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, tí àyà ń dunni, tàbí tí èémí ò já gaara, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ìpara.

Kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa yọ lójú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò burú. Àmọ́ tó bá ń rin páàdì gbingbin, tó ń rùn, tàbí tí ibà dé, kó padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Omi gbígbóná tí ìyá àgbà fi ń tẹ ikùn ìyá ìkókó ò sí nínú èyí rárá.

Àwọn kan ń sọ pé obìnrin náà ti di ọkùnrin, tàbí pé kò ní bímọ láyé àtúnwá. Ọ̀rọ̀ yìí ń pa obìnrin lẹ́kún ju egbò lọ. Tí ilé ẹyin bá ṣì wà, nǹkan oṣù á dúró. Tí wọ́n bá yọ ọ́ pọ̀, ooru lè máa mú un lójijì, kó máa làágùn lóru. Dókítà ní oògùn fún un.

Kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kó béèrè bóyá wọ́n fi ọrùn ilé ọmọ sílẹ̀. Tó bá ṣì wà, kó má dá àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ dúró.