Adìyẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣàìsàn: Ìtọ́jú Agbo Adìyẹ Ibùdó Ìwádìí àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Àjẹsára

Ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìgbà ọyẹ́ ni ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ń sin adìyẹ jù lọ, nítorí ìgbà náà ni lùkúlùkú sábà máa ń jà. Ìgbẹ́ adìyẹ a di àwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ a lọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ agbo a dahoro. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àrùn yìí ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà ṣàlàyé ní kíláàsì ni pé inú ẹyin ni a ti ń ṣe àjẹsára ọ̀hún, ẹyin náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti adìyẹ tí àrùn ti bá jà rí.

Ibùdó Ìwádìí Ìṣègùn Ẹran ti Orílẹ̀-èdè ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti ọdún 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe é. A ó sàba ẹyin fún ọjọ́ 9 sí 11, a ó lu ihò kékeré sí èèpo rẹ̀, a ó sì fi abẹ́rẹ́ fi fáírọ́ọ̀sì tí kò lágbára láti pa adìyẹ sínú rẹ̀. Yóò pọ̀ sí i nínú omi inú ẹyin, omi yìí ni a ó sì fà jáde.

Bí àgbébọ̀ tó yé ẹyin bá ti bá àrùn náà pàdé rí, èròjà agbógun-ti-àrùn tó wà lára rẹ̀ yóò ti wọ inú pupa ẹyin, ó sì lè sọ fáírọ́ọ̀sì tí a fi síbẹ̀ di aláìlágbára. Èyí tó burú jù ni ti àwọn àrùn tó ń ti inú ẹyin kọjá láti ìyá sí ọmọ, bíi Salmonella pullorum, Mycoplasma àti fáírọ́ọ̀sì leukosis tó ń fa jẹjẹrẹ adìyẹ. Ẹni tó bá fi irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ṣe àjẹsára, àrùn ló ń pín láti oko dé oko.

Ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn pẹ̀lú. Inú ẹyin ni a ń ṣe àjẹsára ibà pọ́njú, 17D, tí Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1937. Wọ́n ṣe àjẹsára ibà pọ́njú ní Yaba, l'Ékòó, títí di ọdún 1991. Ní ọdún 1966, àwọn onímọ̀ kéde pé fáírọ́ọ̀sì leukosis wà nínú àwọn àjẹsára 17D kan. Ìwádìí lórí àwọn tó ti gbà á kò fi hàn pé jẹjẹrẹ pọ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀, a wá irúgbìn mìíràn tí kò ní in.

Báwo wá ni a ṣe ń dáàbò bo agbo bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ilé wọn ń gba inú asẹ́ kọjá, a sì ń fi agbára tì í wọlé tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti inú ni yóò tú jáde. A ń fi ooru pa kòkòrò inú oúnjẹ wọn. Òṣìṣẹ́ yóò wẹ̀, yóò pààrọ̀ aṣọ àti bàtà kó tó wọlé, kò sì gbọdọ̀ sin adìyẹ nílé (òfin tó ṣòro fún ọmọ Èkìtì!). Ohun tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé a kì í fún adìyẹ wọ̀nyí ní àjẹsára. Bí a bá fún wọn, èròjà agbógun-ti-àrùn yóò wà lára gbogbo wọn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń ṣe déédéé kò sì ní lè fi èyí tí àrùn ti wọ̀ hàn. Bí àyẹ̀wò bá mú adìyẹ kan ṣoṣo, ẹyin agbo náà kò ṣeé lò mọ́. Abájọ tí ẹyin wọn fi wọ́n.

Kò sí ẹni tó lè sin adìyẹ ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé báyìí, nítorí ìta ni wọ́n ti ń jẹ̀. Ti wọn ni àjẹsára I-2, tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ọsirélíà, tó ń fara da ooru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí Vom náà sì ń ṣe. Ẹ̀kán kan ní ojú adìyẹ kọ̀ọ̀kan ti tó, kí ọyẹ́ tó dé.