Bí Ọmọ Bá Forí Sọlẹ̀: Ohun Tí Àwòrán Ọpọlọ Lè Fi Hàn àti Ohun Tí Kò Lè Fi Hàn

Àwọn ọmọ wa ń gun ọ̀kadà láti Ìyìn dé Adó. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń gun igi máńgòrò. Kò sí òbí tí ó lè búra pé ọmọ òun kò ní ṣubú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí orí tí ó farapa.

Ẹlẹ́dàá fi agbárí ṣe ilé fún ọpọlọ. Ilé náà le, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Agbárí lè má fọ́, kí ọpọlọ sì ti mì jìgìjìgì nínú rẹ̀. Ìtànṣán X-ray tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní 1895 ń fi egungun hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi ọpọlọ fúnra rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì rí nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH, Ìbàdàn, ní 1962.

Ní 1971 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn kan ní London. Òun àti Allan Cormack, tí a bí ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1979. Ẹ̀rọ yìí ń ya orí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí a bá gé búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè fi egungun tí ó sán àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dà sínú agbárí hàn.

Ìyára yìí ṣe pàtàkì. Ọmọ lè ṣubú, kí ó dákú, kí ó jí, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan kò ṣe, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kóra jọ nínú agbárí tí ó sì ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí a bá tètè rí i, oníṣẹ́-abẹ lè fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Bí a bá pẹ́, ọmọ lè kú. Bí ọmọ bá dákú, tí ó ń bì léraléra, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí gìrì mú un, tàbí tí oorun rẹ̀ ṣòroó jí, ẹ má ṣe ní kí ó lọ sinmi. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí àwòrán CT bá mọ́ ńkọ́? Kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ kò farapa. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín wà nínú ọpọlọ tí ìmìtìtì lè fà ya, CT kì í sì í sábà rí wọn. Ẹ̀rọ MRI, tí ó ń lo agbára òòfà, lè rí ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí CT kò rí. Ọ̀nà tuntun kan nínú rẹ̀ ń tọpa bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́nrán náà: níbi tí fọ́nrán bá ti bàjẹ́, omi á ṣáko kúrò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, inú iṣẹ́ ìwádìí ni a ti ń lo ọ̀nà yìí jù. Kò tíì tó ohun tí a lè fi dá ẹjọ́ ọmọ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀rí. Bí ó bá ń sọ pé orí ń fọ́ òun, pé ìmọ́lẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu, tàbí tí ohun tí ó kà kò dúró sí i lórí mọ́, ẹ gbà á gbọ́. Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi. A ti pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ rí. Ẹ sọ fún wa bí ọmọ yín bá forí sọlẹ̀, kí a lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kí ó má sì padà sórí pápá títí dókítà yóò fi gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sì ra akoto fún ẹni tí ó bá ń gun ọ̀kadà.

Kí Olúwa pa orí àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.