Ìdákọ̀ró fún Ọkọ̀ Kékeré Lójú Adágún: Àpẹẹrẹ láti Agbègbè Òkè-Ògùn

1.0 Ìfáàrà
Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni bí a ṣe lè so ọkọ̀ kékeré, ìbáà jẹ́ ti àjẹ̀ tàbí ti ìgbòkun, tí ìjì kò fi ní í gbé e lọ. Ó lè ya òǹkàwé lẹ́nu pé Òkè-Ògùn, ilẹ̀ ọ̀dàn tí a mọ̀ mọ́ iṣu, tábà àti aṣọ òfì, ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n agbègbè Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀ wá. Ìsédò Ikere Gorge, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ nítòsí Ìsẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, sì ti sọ apá kan odò náà di adágún ńlá. Àwọn apẹja ń jẹun níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ìjì bá gbé lọ lóru, oúnjẹ ilé kan ni ó gbé lọ. Ẹni tí ó bá sì lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e lè má padà wá sílé.

2.0 Ìyàtọ̀ láàárín odò àti adágún
Ọ̀nà kan ni odò ń ṣàn sí, nítorí náà okùn kan tí a so mọ́ igi etídò lè tó. Adágún kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kìíní, afẹ́fẹ́ ni ó ń ti ọkọ̀ níbẹ̀, kì í sì í dúró sí ìhà kan. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti àríwá-ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ òjò láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ìjì àkọ́rọ̀ òjò sì sábà máa ń já wá láti ìlà-oòrùn. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ipá rẹ̀ lára ọkọ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Lọ́nà kejì, omi a máa fà lẹ́ẹ̀rùn, a sì máa kún lójò. Èèkàn tí ó wà létí omi ní oṣù kẹwàá lè wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ ní oṣù kẹta.

3.0 Ìdákọ̀ró
Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: ì + dá + ọkọ̀ + ró, èyíinì ni ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró. Òkúta kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n omi a máa dín ìwúwo ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ kù. Òkúta akọ tí ó wọn kílò 100 lókè kò ju nǹkan bí kílò 62 lọ nísàlẹ̀ omi. Kọnkéré yóò wọn nǹkan bí 58, irin yóò wọn 87. Ẹni tí ó bá fi agbára apá rẹ̀ lókè díwọ̀n yóò ṣì í. Ibi tí ẹrẹ̀ wà ni kí a sọ ọ́ sí, kí ó lè rì mọ́lẹ̀. Orí àpáta, ńṣe ni yóò máa yọ̀.

4.0 Okùn
Àwọn àgbà ní bí okùn gùn títí, ó ní ibi tí a ti fà á wá. Okùn kúkúrú a máa fa ìdákọ̀ró sókè, a sì tú u; okùn gígùn a máa fà á nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìdákọ̀ró a sì dì í mú. Nítorí náà, kí okùn gùn tó ìlọ́po mẹ́ta jíjìn omi, ó kéré tán, kí a sì wọn jíjìn náà gẹ́gẹ́ bí yóò ti rí nígbà tí omi bá kún jù. Bí omi bá jìn ní mítà 5, okùn yóò jẹ́ mítà 15. Ọkọ̀ náà yóò lè yí po ní nǹkan bí mítà 15 sí ìhà gbogbo. Fún ìdí èyí, kí ìdákọ̀ró ọkọ̀ méjì jìnnà síra ju mítà 30 lọ, kí wọn má baà kọlu ara wọn. Ẹ̀wọ̀n irin ni kí ó wà nísàlẹ̀, nítorí òkúta a máa gé okùn. Kí a fi aṣọ wé ibi tí okùn ti ń ha ara ọkọ̀, kí a sì so kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa mọ́ orí okùn láti fi mọ ibi tí ó wà.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
A ti rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ń dá ọkọ̀ ró lójú adágún: ìwúwo tí ó kù nísàlẹ̀ omi, ilẹ̀ tí ó gbà á, àti okùn tí ó gùn tó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èjì yòókù kò lè gbà á sílẹ̀. Okùn ni ó sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.