Ìwé Kan, Ọwọ́ Márùn-ún

Ẹ̀yin ará wa, ìwé ètò ìsìn tí a ń pín níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ọwọ́ ta ni ó ti wá? Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Fádèyí, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí ẹ sì yà wọ Ṣómólú, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ ó máa gbọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnì kan ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn ń ṣe pléètì. Ẹlẹ́rọ ni yóò wá tẹ̀ ẹ́, lórí ẹ̀rọ tó sábà máa ń jẹ́ tòkunbọ̀ láti Jámánì. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ aláwọ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bébà yóò gba inú rẹ̀ kọjá kí àwòrán aláràbarà tó jáde: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Lẹ́yìn náà ló kan ẹni tí ń gé bébà, àti ẹni tí ń tò ó tí ó sì ń dì í. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bébà náà ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, owó bébà gòkè. Bí iná bá lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwa oníbàárà a máa gbé iṣẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, a ó ní Sátidé ni a fẹ́ lò ó, a ó san ìdajì owó. Bí òde bá ti parí, a di àwátì. Gbèsè kan ṣoṣo yẹn, ilé márùn-ún ló lè dé.

Ẹ jẹ́ kí a máa tètè gbé iṣẹ́ lọ, kí a sì san owó tó kù kí a tó kó ìwé wa.